Fáàfù kan ń pọ́n bí irin àgbẹ̀dẹ nínú áńpù bàbá mi: ṣé ó ti kú ni?

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi fi áńpù onífáàfù kan sílẹ̀ fún wa, ẹ̀rọ tó ń fi àwọn ìgò oníná tí à ń pè ní fáàfù gbé ohùn ga, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Fáàfù ńlá mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, EL34 ni wọ́n kọ sí wọn lára. GZ34 kan dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransífọ́mà, àwọn kéékèèké ECC83 sì wà níwájú. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, orí àpótí ló wà nínú ilé wa ní Ìtòkú, a fi aṣọ bò ó. Oṣù tó kọjá ni ìyá mi ní òun fẹ́ gbọ́ àwọn àwo àpàlà òun lórí ẹ̀, pé ohùn tó ń jáde lára fóònù kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Mo tan án. Ó dún! Ohùn ìlù kún gbogbo yàrá débi pé àwọn ará ilé jáde wá wò ó. Ṣùgbọ́n kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí i pé fáàfù ńlá tó wà ní ìkángun ọ̀tún ń pọ́n. Kì í ṣe iná kékeré tó máa ń wà láàárín yẹn ni mò ń sọ o. Páànù dúdú tó yí i ká gan-an ló pọ́n bí irin tó ń bẹ nínú iná àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀rù bà mí, mo pa á.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan. Kò ṣí i rárá. Ó kàn fojú wò ó, ó ní fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú, kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún òun kí n sì mú owó mẹ́rin tuntun wá. Owó tó pè ju ohun tí mò ń rí lóṣù lọ. Iṣẹ́ waya ilé ni mò ń ṣe, mo mọ mítà lò, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa fáàfù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Ọmọ mi, má fi fáàfù kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Má sì tan áńpù yẹn mọ́ títí a ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Páànù tó pọ́n yẹn, pléètì là ń pè é. 25 wáàtì ni pléètì EL34 lè gbà mọ́ra. Tó bá ti ń pọ́n, ohun tó ń gbà ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fáàfù á bàjẹ́ lóòótọ́, tiransífọ́mà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà á sì tẹ̀lé e, ìyẹn sì ni èyí tí o ò ní rí rà mọ́.

Mo ti mọ nǹkan onífáàfù láti ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì wà lára ògiri ilé wa. Ọ̀pọ̀ fáàfù tí wọ́n gbé wá bá mi pé ó ti kú ni kò kú. Fáàfù tó ń pọ́n dà bí ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná. Ibà la rí, a ò tíì mọ ohun tó fà á.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò gba mítà. Yọ púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan. Lẹ bébà mọ́ àwọn fáàfù, kọ 1 dé 4 sí i láti òsì. Wá gbé fáàfù 4 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì 1, kí o gbé fáàfù 1 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì 4. Ìdí rẹ̀ dúdú ni kí o dì mú, má fa ìgò, nítorí èyí tó ti pẹ́ lè tú kúrò lára ìdí. So sípíkà méjèèjì mọ́ ọn kí o tó tan án. A kì í tan áńpù onífáàfù láìsí sípíkà: agbára tí kò bá ríbi jáde á padà sínú tiransífọ́mà, á sì lù ú fọ́. Jókòó tì í, fọwọ́ sórí bọ́tìnì. Tí ìpọ́n bá bá fáàfù 4 lọ sí òsì, fáàfù ló jẹ̀bi. Tó bá dúró sí ìkángun ọ̀tún, tó wá jẹ́ fáàfù 1 ló ń pọ́n níbẹ̀, a jẹ́ pé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni àrùn wà, mẹ́rin tuntun tí wọ́n ní kí o rà ìbá sì jóná níbẹ̀ náà.

AkọrinKútọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò ní fi ọjọ́ mẹ́ta wá àrùn. Gìtá ni mò ń ta, áńpù oní-6L6 méjì (irú fáàfù ńlá mìíràn ni 6L6) ni mò ń gbé lọ sóde àríyá, ọdọọdún ni mo sì ń pààrọ̀ fáàfù wọn, bó kú bí kò kú. Fáàfù kò yàtọ̀ sí táyà ọkọ̀. Èyí tó ń pọ́n, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i, kí ìyá gbọ́ àpàlà wọn.

Àdùkẹ́_Adátán (Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akọrin, òótọ́ lẹ sọ pé fáàfù ń gbó. Kátóòdù ni irin àárín tó máa ń gbóná, tí iná ti ń jáde lọ sí pléètì. Ohun tí wọ́n fi kùn ún lára, bárìọ́mù àti sìtíróńtíọ́mù, ló máa ń tán díẹ̀díẹ̀, bí epo inú àtùpà. Áńpù tiyín ń rìnrìn àjò nínú bọ́ọ̀sì, ó ń gbọ̀n, ẹ ń ṣí i dé òpin láti alẹ́ dé ìdájí. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n táyà tó ń jẹ lápá kan ṣoṣo, tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ láìtún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, tuntun náà á jẹ lápá kan. Ìpọ́n tó mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin kò jọ ọjọ́ ogbó lójú tèmi. Fáàfù tó gbó kì í sábà pọ́n, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹ̀, tí agbára ẹ̀ á dínkù.

Àbúrò ỌmọÌtòkú, bí o bá ti yọ wọ́n, fojú wo nǹkan méjì. Wo àwọ̀ fàdákà tó wà lára ìgò nínú lọ́hùn-ún. Bó bá ṣì ń dán bíi dígí, afẹ́fẹ́ kò wọ ibẹ̀. Tó bá ti funfun bí ẹ̀kọ, afẹ́fẹ́ ti wọlé, fáàfù yẹn ti parí, má tilẹ̀ kì í bọ áńpù. Ìkejì, tí o bá tan án nínú òkùnkùn tí o rí ìmọ́lẹ̀ aró tó ń ṣeré lára ìgò, tó ń mì pẹ̀lú ìlù, má bẹ̀rù. Ó rẹwà, kò sì ní ewu. Ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò tó kún àárín, láàárín àwọn páànù fúnra wọn, nìkan la fi ń mọ̀ pé gáàsì ti wà nínú ẹ̀.

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:32 alẹ́)

Mo ti ṣe é. Ìkángun ọ̀tún ló dúró sí! Fáàfù 1 tí kò ní wàhálà lánàá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n níbẹ̀, fáàfù 4 sì wà ní òsì jẹ́jẹ́. Mo pa á kíá, mo sì ti dá kálukú padà sí ipò ẹ̀. Fàdákà gbogbo wọn ń dán.

Nígbà tí mo yí i padà láti wo ìsàlẹ̀, mo rí bébà kan tí bàbá mi lẹ̀ mọ́ inú ìdérí. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: «1: 28. 2: 28½. 3: 28. 4: 29. Oṣù kẹta 1984.» Kò yé mi. Mo tún rí àmì kékeré lára ìgò fáàfù, Xf2 lókè, lẹ́tà B àti àwọn nọ́ńbà nísàlẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá_ÒkèÒkun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́)

Má tà wọ́n o! Xf ni àmì EL34 tó jáde láti ilé iṣẹ́ Mullard, B yẹn sì dúró fún Blackburn, ìlú kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe fáàfù mọ́ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí à ń rí rà lónìí, Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n dára, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n níbí, owó gọbọi ni àwọn ènìyàn ń fi wá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Àwọn oníjìbìtì tilẹ̀ ń tẹ orúkọ àtijọ́ sára ìgò tuntun. Àmì kékeré tí o rí yẹn la fi ń dá ojúlówó mọ̀, ju orúkọ gàdàgbà lọ. Má fi aṣọ nù ún o, ìka lásán lè pa orúkọ rẹ́ lára ìgò.

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́)

Bàbá rẹ mọ ohun tó ń ṣe. Iye fóltéèjì tó wà lórí kátóòdù fáàfù kọ̀ọ̀kan ló kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Tọ́jú bébà yẹn.

Ó ku kí a wọ̀n ọ́n. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ìsàlẹ̀ yẹn, gbọ́ mi dáadáa. Iná ilé tí o ń fa waya ẹ̀ jẹ́ 230. Èyí ju 400 lọ. Kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀ sì máa ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo yíjú láti kí ọ̀gá mi tó ń wọlé, ìka mi kan ẹnu kapásítọ̀, ara ògiri kejì ni mo ti bá ara mi. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni ọwọ́ òsì mi kò lè gbé ife. Mo dúpẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì ni, àyà ni ìbá gbà kọjá.

Nítorí náà, wá rẹsísítọ̀ 10 kΩ tó nípọn, 10 wáàtì, jó waya tó ní rọ́bà dáadáa mọ́ ọn lójú méjèèjì. Yọ púlọ́ọ̀gì, fi ojú kan kan ara páànù, fi ojú kejì kan ẹnu kapásítọ̀, ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Tí mítà kò bá sọ pé ó ti wálẹ̀ tán, kò tíì tán. Má fi ìdè irin so wọ́n pọ̀ tààrà bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣe, iná tó máa ń ta yẹn ń ba kapásítọ̀ jẹ́.

Nígbà tí áńpù ṣì wà ní pípa, há waya dúdú mítà mọ́ ara páànù. Fi ọwọ́ òsì sápò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò mú waya pupa. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìdí fáàfù ti ní ìkọ́, kí o máa ka ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì bí aago ṣe ń yí, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lo ti ń wò ó. Ẹsẹ̀ 8 ni kátóòdù, 5 ni gíríìdì, 3 ni pléètì. Ẹsẹ̀ 2 àti 7 ni hítà, waya tó ń mú kátóòdù gbóná, AC ni wàá fi wọn ìyẹn. Rẹsísítọ̀ gbọ̀ngbọ̀n kan á wà láti ẹsẹ̀ 8 lọ sí ara páànù, kọ iye rẹ̀ fún wa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 4 ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n, má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí o tó pa á.

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́)

Ẹ ṣé, Bàbá. Ohun tí mo rí nìyí:

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 1: ẹsẹ̀ 8 jẹ́ 27 V, ẹsẹ̀ 5 jẹ́ 0.
Sọ́kẹ́ẹ̀tì 2: 28.5 V, 0.
Sọ́kẹ́ẹ̀tì 3: 29 V, 0.
Sọ́kẹ́ẹ̀tì 4: 44 V, ẹsẹ̀ 5 jẹ́ 19 V!

Ẹsẹ̀ 3 gbogbo wọn ń lọ sí 400 V. Rẹsísítọ̀ ẹsẹ̀ 8 jẹ́ 470 Ω, mo wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó wà ní pípa, wọ́n pé. Hítà jẹ́ 7.1 V.

Àdùkẹ́_Adátán (Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́)

Ó ti hàn! Jẹ́ kí n fi ìṣirò ẹ̀ hàn ọ́, kí o lè máa dá a ṣe.

Pín fóltéèjì ẹsẹ̀ 8 sí 470. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 2: 28.5 ÷ 470 fún wa ní bíi 60 mílíáńpù. Yọ 28.5 kúrò nínú 400, ó ku 371.5. Fi 0.0606 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 22.5 wáàtì. Sìkírìnì, gíríìdì kejì inú fáàfù, gbà díẹ̀ nínú ẹ̀, nítorí náà pléètì kò tilẹ̀ gba tó bẹ́ẹ̀. Ó wà lábẹ́ 25, ara ẹ̀ le. Wá wo sọ́kẹ́ẹ̀tì 4: 44 ÷ 470 jẹ́ 93.6 mílíáńpù. 356 lọ́nà 0.0936 jẹ́ 33 wáàtì. Kò lè ṣe kó má pọ́n.

19 V orí gíríìdì yẹn ló ń tì í. Gíríìdì ni adènà: bó bá ti rẹlẹ̀ sí kátóòdù tó, ó ń dá iná dúró, iye tó yẹ ló ń jẹ́ kó kọjá. Nínú áńpù tìrẹ, òdo ló yẹ kó wà. Ta ló gbé 19 síbẹ̀? Ó lè jẹ́ kapásítọ̀ tó ń gbé ohùn wá láti ọ̀dọ̀ fáàfù kékeré, tó ti ń jò. Ó sì lè jẹ́ gáàsì nínú fáàfù ńlá fúnra ẹ̀. Pa á, jẹ́ kó tutù, yọ fáàfù 4, tan áńpù fún ìṣẹ́jú kan péré kí o sì wọn ẹsẹ̀ 5 sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo yẹn. Tí 19 bá ṣì wà, fáàfù kò sí níbẹ̀, kapásítọ̀ ni. Tó bá di òdo, fáàfù ni. Mi ò mọ ìdánwò tó rọrùn tó sì dá ẹjọ́ tó yìí.

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́rú, 10:38 alẹ́)

Fáàfù wà lórí tábìlì, 20 V wà ní ẹsẹ̀ 5.

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́rú, 10:44 alẹ́)

Kapásítọ̀ ni. Mo ti fura láti àná. Àwọn oníbébà àtijọ́ yẹn máa ń gba omi ojú ọjọ́ sára, àgàgà nínú òjò tiwa yìí. Kò tilẹ̀ hàn lójú.

Pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ẹyọ kan, ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ka iye tó wà lára wọn, ra irú iye kan náà, èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tó lè gba 630 fọ́ltì. Owó ẹ̀ kò tó owó ìgò kan nínú EL34.

LáfẹńwáSound (Ọjọ́bọ̀, 6:58 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Àbúrò, kí o tó dá fáàfù padà, gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́ńwá. Mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán fáàfù wò, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá lọ sí apá tútù, ó dára. Tó bá lọ sí apá pupa, kí o mọ̀.

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́bọ̀, 8:20 àárọ̀)

Ọ̀gá Láfẹ́ńwá, ẹ ṣeun, inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n fún ọmọ yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, ó máa ń so gíríìdì àti pléètì pọ̀, á sì fi iná kékeré wò ó bóyá kátóòdù ṣì ń tú nǹkan jáde. Iṣẹ́ ìyẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí fáàfù tó lọ sí apá tútù gbọnrangandan, tó jẹ́ pé bó ṣe dé abẹ́ 400 fọ́ltì, iná ń ta nínú ẹ̀ pau.

Èyí tó ń wọn bí gíríìdì ṣe ń darí iná ló ní ìtumọ̀. Ilé iṣẹ́ AVO ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú ẹ̀ nígbà kan, Hickok ti Amẹ́ríkà náà ṣe é. Ìwé sọ pé nígbà tí pléètì wà ní 250 V tí iná jẹ́ 100 mílíáńpù, fọ́ltì kan lórí gíríìdì EL34 gbọ́dọ̀ yí iná padà ní mílíáńpù 11. Nínú áńpù tìrẹ tí iná kò ju 60 lọ, yóò kéré sí bẹ́ẹ̀, má fi wé ara wọn. Ẹ̀rọ yẹn náà ń gbó, ó ń fẹ́ kí wọ́n máa tún un gbé kalẹ̀, bíi ìwọ̀n oníṣòwò. Lójú tèmi, áńpù tó pé, tí rẹsísítọ̀ rẹ̀ pé, ni ẹ̀rọ ìdánwò tó dára jù fún fáàfù tó máa gbé inú ẹ̀.

LáfẹńwáSound (Ọjọ́bọ̀, 8:49 àárọ̀)

Bàbá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tèmi sẹ́yìn pátápátá. Ó ń fi èyí tí ẹsẹ̀ méjì ti kan ara wọn nínú hàn mí, ó sì ń fi èyí tí hítà ẹ̀ ti já hàn mí, kí n tó kì í bọ áńpù oníbàárà. Èyí tó kan ara wọn yẹn lè jó rẹsísítọ̀ àti tiransífọ́mà ní ìṣẹ́jú kan. Fún ìyẹn nìkan, mi ò ní tà á.

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́bọ̀, 8:53 àárọ̀)

Òótọ́ ni. Mo fara mọ́ ọn. ỌmọÌtòkú, gbé wọn lọ bá a, kó yẹ ìyẹn wò.

Àdùkẹ́_Adátán (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)

Ohun kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ bà, òun ló sì ń dà mí láàmú jù: hítà 7.1 V yẹn. 6.3 ni ìwé sọ. Àyè tó wà kò ju ìdá mẹ́wàá lọ, ìyẹn 5.7 dé 6.9. Àbúrò, ó ti kọjá ààlà. Mo fẹ́ kí o wo ẹ̀yìn áńpù, ibi tí wọ́n ti ń yan fóltéèjì. Mo lè fi ìdánilójú sọ pé 220 ló wà.

Gbogbo wa mọ bí iná wa ṣe rí níbí. Mo ti fi mítà ṣọ́ ọ nínú ilé mi: ní aago méjì òru, nígbà tí àdúgbò ti sùn, mo rí 258. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo rí 165. Áńpù tó wà lórí 220, tí 258 bá wọlé, hítà rẹ̀ á di 7.4, ohun tó wà lára kátóòdù á máa gbẹ kíákíá. Tí 165 bá wọlé, á di 4.7, kátóòdù kò ní gbóná tó, síbẹ̀ pléètì á ṣì máa fà lára ẹ̀. Méjèèjì ń pa fáàfù, kò sì sí èyí tí ojú ń rí. Àwọn ènìyàn á ní fáàfù ìsinsìnyí kì í pẹ́. Iná ló ń jẹ ẹ́.

Gbé e sí 240. Nígbà tí 258 bá dé, hítà á jẹ́ 6.8, ó ṣì wà nínú ààlà. Ti 165 kò ní oògùn ju sìtabiláísà lọ. Rà á, kó sì tóbi tó. Tí iná bá lọ, pa bọ́tìnì áńpù fúnra rẹ, kí o má jẹ́ kí ìpadàbọ̀ iná bá a ní títàn. GZ34, fáàfù tó ń sọ iná AC di DC, á ṣì gbóná, kapásítọ̀ á ti ṣófo, gbogbo iná á sì rọ́ gba inú GZ34 kọjá lẹ́ẹ̀kan. Nítorí èyí náà ni, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá ọ pààrọ̀ kapásítọ̀ ńlá àkọ́kọ́, tó ní òun fẹ́ fi 220 µF sí i kí ohùn lè nípọn, má gbà. 60 µF ni òpin ohun tí GZ34 lè gbé.

AkọrinKútọ̀ (Ọjọ́bọ̀, 3:30 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Áńpù gìtá mi kò ní rẹsísítọ̀ ńlá lábẹ́ kátóòdù, ohun kékeré kan ló wà tí a máa ń yí láti yan iye iná tó ń gba inú fáàfù. Etí ni mo fi ń ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ òde àríyá sì ń pọ̀ ń dín. Ṣé ìyẹn ló ń jẹ fáàfù mi lọ́dọọdún?

Àdùkẹ́_Adátán (Ọjọ́bọ̀, 4:11 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú ẹ̀ dáadáa. Etí kò lè wọn iná. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ jó rẹsísítọ̀ 1 Ω sáàárín kátóòdù kọ̀ọ̀kan àti ara páànù. Mílífọ́ltì kan tí ẹ bá rí lórí ẹ̀ jẹ́ mílíáńpù kan, kò sí ìṣirò. 6L6GC gba 30 wáàtì. A kì í gbé e kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 21. Tí pléètì yín bá wà ní 450 V, 21 ÷ 450 jẹ́ bíi mílíáńpù 46. Ẹ tan án fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó yí i, nítorí iye rẹ̀ máa ń rìn bó ṣe ń gbóná. Ẹ tún ìwọ̀n yẹn wò lẹ́yìn oṣù kan.

AkọrinKútọ̀ (Ọjọ́bọ̀, 10:55 alẹ́)

Ọ̀rẹ́ mi ti jó o sí i. Mílíáńpù 71 àti 64 ni mo bá níbẹ̀. Mo ti fà wọ́n wá sí 46. Ohùn rẹ̀ kò burú rárá, tiransífọ́mà sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún mélòó ni mo ti ń sun owó!

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àdúrótì mi o. Kapásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. 220 ló wà lẹ́yìn lóòótọ́, mo ti gbé e sí 240, sìtabiláísà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Láfẹ́ńwá yẹ àwọn fáàfù wò, kò sí èyí tó kan ara wọn. Mo rí eegun ọmọńlé kan lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì 3, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ẹ̀, mo fi sípírítì nu ẹsẹ̀ fáàfù, mo sì fi abẹ́rẹ́ fún àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí: 27, 28.5, 29, 24. Gíríìdì gbogbo wọn jẹ́ òdo. Hítà 6.3. Kò sí èyí tó pọ́n.

Ìbéèrè mi ni 24 yẹn. Ṣé ìpọ́n ti ṣe fáàfù 4 léṣe ni?

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ó ṣe é léṣe díẹ̀, kò pa á. 24 ÷ 470 jẹ́ mílíáńpù 51, àwọn yòókù wà láàárín 57 àti 62. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìbáṣepọ̀ àwọn méjì tó jọ ń fa sípíkà kan. Wọ́n dà bí ènìyàn méjì tó di okùn mú lójú méjèèjì: bí ọ̀kan bá lágbára jù, okùn á lọ sápá kan, tiransífọ́mà á máa hùn, ohùn ìsàlẹ̀ á sì rọ̀. Kó 2 àti 3 pọ̀ sí apá kan, kó 1 àti 4 pọ̀ sí apá kejì. Ìyàtọ̀ wọn á wá kéré jù lọ. Wọn 4 lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tó bá sọ̀kalẹ̀ kọjá 22, ra méjì tó bára mu fún apá yẹn, kí o sì tọ́jú fáàfù 1 pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn.

ỌmọÌtòkú (Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́, oṣù kan lẹ́yìn náà)

Bàbá, ó ti pé oṣù kan. 4 wà ní 23.8. Ìyá mi ń lò ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí iná bá wà, wákàtí méjì sí mẹ́ta. Mo ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí abẹ́ ti 1984 lórí bébà náà, mo fi táàpù lẹ̀ ẹ́ padà sí ipò rẹ̀.

Mọ̀mọ́Ṣàgámù (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi náà ní rédíò onífáàfù ọkọ mi, ó ń tàn ṣùgbọ́n kò fọhùn. Ṣé kí n béèrè níbí?

BàbáOnífáàfù_Ìbarà (Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀)

Ẹ ṣí òmíràn, màmá, kí ọ̀rọ̀ má bàa dà pọ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tan án títí a ó fi rí fọ́tò náà.